Àṣẹ Brussels, òfin ilé: níbo gan-an ni ẹ̀tọ́ òǹrajà wà?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan ní Táíwò, tàbí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tó ń dá owó jọ kó ẹrù láti Hamburg wá sí Ìlọrin, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi gbọ́ ọ: "Òfin Yúróòpù fún wa ní gáráńtì ọdún méjì." Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé gbólóhùn yẹn nìkan lọ bá òǹtajà ará Jámánì, ọwọ́ òfo ni yóò gbé bọ̀. Òfin Jámánì ló ń de òǹtajà ará Jámánì, ti Ítálì ló ń de ará Ítálì. Yúróòpù ló wà nídìí àwọn òfin náà, àmọ́ òun kọ́ lẹ óò dárúkọ nínú lẹ́tà yín. Directive ni wọ́n ń pe àṣẹ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó fi Brussels ṣe ibùjókòó, fi ń ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣe òfin tirẹ̀.

Ará Ìlọrin ò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ká ní àṣẹ ti ààfin Ẹ́míà jáde pé kí gbogbo àdúgbò kó gọ́tà rẹ̀ kó tó di ọjọ́ báyìí. Mágàjí kan, olórí àdúgbò, lè pín iṣẹ́ náà ní agboolé-agboolé, òmíràn lè dá owó jọ kó fi gba àwọn ọ̀dọ́. Èyí tó kan ààfin ni kí gọ́tà mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Bí ẹ̀yin àti aládùúgbò yín bá wá ń fa ọ̀rọ̀ gọ́tà mọ́ ara yín lọ́wọ́, ohun tí Mágàjí là kalẹ̀ ládùúgbò yín lẹ óò tọ́ka sí. Bí directive ṣe rí nìyẹn: ìjọba orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi rán, wọn ò fi rán òǹtajà. Regulation, òfin Yúróòpù tó ń de gbogbo ènìyàn tààrà, ló yàtọ̀. Ìyẹn dà bí ìgbà tí dógárì, ẹ̀ṣọ́ ààfin, fúnra rẹ̀ ń ya ilé kiri, tó ń sọ ọ́ fún baálé ilé kọ̀ọ̀kan lójúkojú. Abala 288 nínú àdéhùn tó ń darí iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló pín wọn bẹ́ẹ̀: directive ń de orílẹ̀-èdè ní ti àbájáde tó gbọ́dọ̀ wáyé, ó sì fi bí wọn yóò ṣe ṣe é sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà.

Bí a bá wo ilé, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Abuja ṣe ní 2003 ló sún mọ́ ọn jù. Kò dá ẹsẹ̀ rìn dé ìpínlẹ̀ kankan; ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ ló ní láti ṣe tirẹ̀. Àmọ́ directive ní eyín tí òfin Abuja yẹn kò ní. Gbèdéke wà lára rẹ̀, ìjọba tó bá sì fi falẹ̀ kọjá gbèdéke lè bá ara rẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́ àjọ náà ní Luxembourg, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e.

Ẹjọ́ sítóòfù kan ló fi bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn jù lójú tèmi. Ní oṣù kẹjọ 2002, obìnrin kan ní Jámánì ra sítóòfù lọ́wọ́ Quelle, ilé iṣẹ́ tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sílé oníbàárà, ní 524.90 yúrò. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2004, awọ dídán tí wọ́n fi bo inú ààrò rẹ̀ ti ń ṣí. Kò ṣe é tún ṣe. Quelle gbé tuntun fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó san 69.97 yúrò fún lílò tó ti lo èyí àkọ́kọ́. Ó san án. Ẹ má rò pé ìrẹ́jẹ lásán ni Quelle ń ṣe o. Ìwé òfin Jámánì tí wọ́n ń pè ní BGB, ní abala 439, fún òǹtajà láyè láti gba irú owó bẹ́ẹ̀.

Directive 1999/44 ní tirẹ̀ sọ pé ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe àti ìpààrọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn oníbàárà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, àwọn adájọ́ Jámánì sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí Luxembourg. Èsì dé ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2008, ẹjọ́ C-404/06: bí wọ́n bá ní ọ̀fẹ́, ọ̀fẹ́ náà ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Jámánì ka abala 439 lọ́nà tó fi bá directive mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ka ìwé náà bó ṣe wà nígbà náà kò ní rí ìtumọ̀ yẹn nínú rẹ̀. Ọdún ò tíì parí tí ilé aṣòfin fi ṣàtúnṣe sí BGB.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nìyí: láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, BGB ni wọ́n fi jà. Directive kò fìgbà kankan bọ́ sójú agbo gẹ́gẹ́ bí òfin tó de Quelle. Ohun tó ṣe ni pé ó yí bí adájọ́ ṣe ń ka òfin ilé padà, ó sì ti ilé aṣòfin láti tún un kọ. Bí lẹ́tà yín bá wí pé "directive sọ pé", lọ́yà òǹtajà yóò dáhùn pé directive kò bá òun sọ̀rọ̀. Bí ó bá wí pé "abala 439 BGB", ó di dandan kó jókòó.

Bí kò bá wá sí òfin ilé kankan tí adájọ́ lè tún kà ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kìíní 1989, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Milan, obìnrin kan fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò ra ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ó yí ọkàn padà. Directive 85/577 ti sọ pé ẹni tí wọ́n bá bá dòwò lójú ọ̀nà tàbí lẹ́nu ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 7, ó kéré tán, láti fi kọ̀ ọ́. Kí ọdún 1987 tó parí ló yẹ kí Ítálì ti sọ ọ́ di òfin. 1992 ni wọ́n tó ṣe é. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1994, nínú ẹjọ́ C-91/92, Luxembourg sọ pé obìnrin náà kò lè fi directive de ilé iṣẹ́ aládàáni. Ìjọba ló dẹ́ṣẹ̀. Wọn ò lè di ẹ̀ṣẹ̀ náà ru òǹtajà tó tẹ̀lé òfin ìlú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìjọba tàbí iléeṣẹ́ ìjọba ló ta ọjà náà ni ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, torí ìjọba kò lè fi ìfàsẹ́yìn ara rẹ̀ jàre.

Ohun tó kù fún irú òǹrajà bẹ́ẹ̀ ni kó pe ìjọba fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ pé kó san owó ohun tí òun pàdánù. Àwọn arìnrìn-àjò ará Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba wọn kò sọ directive 90/314, èyí tó dá lórí ìrìn-àjò alápapọ̀, di òfin kí ọdún 1992 tó parí. Ní 1993 àwọn ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò kan wọ gbèsè, owó àwọn tó ti san sílẹ̀ sì wọmi. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 1996 ilé ẹjọ́ Luxembourg dá wọn láre: ìjọba tí kò ṣe nǹkan kan títí gbèdéke fi kọjá ti jẹ gbèsè ẹni tó fara gbá a. Ẹ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀!

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo directive ló fún orílẹ̀-èdè láyè bákan náà. Òmíràn fi ilẹ̀ lélẹ̀ nìkan: ẹ ò gbọ́dọ̀ fún òǹrajà ní ohun tó kéré sí èyí, ẹ lè fún un ní jù bẹ́ẹ̀. Directive 93/13 lórí gbólóhùn ìrẹ́jẹ nínú àdéhùn rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn di ilẹ̀ pọ̀ mọ́ àjà. Directive 2011/83 sọ pé ẹni tó ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti dá a padà láìsọ ìdí. Faransé kò lè sọ ọ́ di 10, Bẹ́ljíọ̀mù kò lè sọ ọ́ di 21.

Directive 2019/771, tó rọ́pò ti 1999, wà láàárín méjèèjì, òun ló sì gbé gbólóhùn "ọdún méjì" tí a fi bẹ̀rẹ̀ ró lónìí. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2022 ni òfin tí wọ́n fi mú un wọlé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àdéhùn tuntun. Ọdún 2 láti ọjọ́ tí ọjà dé ọwọ́ ni ó kéré jù fún ọjà tuntun. Jámánì, Ítálì àti Faransé dúró síbẹ̀. Sípéènì, Pọ́túgà àti Swídìn sọ ọ́ di 3. Nẹ́dálańdì kò ka ọdún rárá: bó ti yẹ kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó ni wọ́n ń wò, fíríìjì olówó ńlá sì lè gbà ju ọdún 2 lọ fíìfíì. Fún àlòkù, directive jẹ́ kí orílẹ̀-èdè gba òǹtajà àti òǹrajà láyè láti fohùn ṣọ̀kan lórí àkókò tó kúrú, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 1. Ní Jámánì, kíkọ ọ́ wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ìwé kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún òǹrajà lọ́tọ̀ kó tó fọwọ́ sí i, kí ó sì gbà á lọ́tọ̀. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún 2 náà ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju iye ọdún lọ ni ẹni tí yóò mú ẹ̀rí wá. Láàárín ọdún 1 àkọ́kọ́, bí àléébù bá yọjú, wọ́n á gbà pé ó ti wà lára ọjà láti ọjọ́ tó dé, àfi bí òǹtajà bá fi ẹ̀rí hàn pé kò sí níbẹ̀. Faransé àti Sípéènì sọ ọdún kan yìí di 2. Nínú ẹjọ́ C-497/13 ní 2015, lórí ọkọ̀ àlòkù kan tó gbiná lójú ọ̀nà ní Nẹ́dálańdì, Luxembourg là á mọ́lẹ̀: òǹrajà kò ní láti sọ ohun tó fa àléébù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní láti fi hàn pé òǹtajà ló jẹ̀bi. Kó ṣáà fi hàn pé àléébù wà, àti pé àkókò yẹn ló yọjú. Lẹ́yìn ọdún 1, ní Jámánì, ẹrù náà bọ́ sórí òǹrajà. Ìdí nìyẹn tí gáráńtì kò fi dùn ún lò ní oṣù kẹtàlélógún bíi ní oṣù kẹta.

Ó yá, ká mú un wá sílé. Ká ní àbúrò yín tó wà ní Hamburg bá yín ra ẹ̀rọ ìfọṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó gbé e sínú kọ̀ńténà, kó dé Òmù-Àrán.

Ìṣirò ọjọ́ 14 ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrù dé Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé ọwọ́ òǹrajà tàbí ẹni tí òǹrajà ní kí wọ́n gbé e fún. Bí àbúrò yín bá fi àdírẹ́sì agẹ́ńtì kọ̀ńténà síbẹ̀, ọjọ́ tó wọ ilé ẹrù agẹ́ńtì náà ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ọjọ́ 14 á tán kí ọkọ̀ ojú omi tó kúrò ní èbúté, báálì ò sì tíì ṣí. Bí òǹtajà kò bá sọ fún òǹrajà rárá pé ẹ̀tọ́ yìí wà, oṣù 12 mìíràn ni wọ́n á fi kún ọjọ́ 14 náà. Ẹ ka ìwé àṣẹ ọjà dáadáa kí ẹ tó gbà pé àkókò ti lọ.

Ewu ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Òfin sọ pé títí ọjà yóò fi dé ọwọ́ òǹrajà, bó bá fọ́, ti òǹtajà ló fọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òǹrajà ló fúnra rẹ̀ wá onímọ́tò tí òǹtajà kò dá lábàá, ewu ti bọ́ sọ́rùn òǹrajà látìgbà tí onímọ́tò náà ti gba ẹrù. Èyí bá púpọ̀ nínú àwa tó ń rán agẹ́ńtì Nàìjíríà lọ gbé ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó bá fọ́ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé Ọ̀fà, àárín ẹ̀yin àti agẹ́ńtì ni.

Nítorí náà, kí wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò níbẹ̀ kó tó wọ kọ̀ńténà. Kí wọ́n tú báálì, kí wọ́n so omi mọ́ ọn, kí wọ́n fọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ya fídíò tí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà hàn nínú rẹ̀. Èèyàn lè bẹ̀rù pé bí a bá ti tú u, wọn ò ní gbà á padà mọ́. Rárá. A lè dán an wò bí a ti lè dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù; bí a bá lò ó jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè yọ owó díẹ̀. Kódà ní oṣù kẹta 2019, ilé ẹjọ́ Luxembourg sọ pé ẹni tó ya ọ̀rá ara mátírẹ́ẹ̀sì ṣì lè dá a padà. Owó tí a fi dá ọjà padà nítorí ìyípadà ọkàn jẹ́ ti òǹrajà, àfi bí òǹtajà bá gbà láti san án tàbí tó gbàgbé láti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Fún ẹrù wúwo, ẹ béèrè owó yẹn kí ẹ tó ra nǹkan.

Bó bá jẹ́ àléébù ni, tí kì í ṣe ìyípadà ọkàn, òǹtajà ló ń ru gbogbo owó náà: owó ọkọ̀, owó iṣẹ́, owó ohun èlò. Òǹrajà ló máa sọ bóyá àtúnṣe ló fẹ́ tàbí ìpààrọ̀, àfi bí èyí tó mú kò bá ṣe é ṣe tàbí tó gbówó lórí ju èkejì lọ lọ́nà tí kò bọ́gbọ́n mu. Bí òǹtajà bá kọ̀, tó bá pẹ́ jù, tàbí tí àléébù náà tún padà, ìgbà yẹn ló kan kó dín owó kù tàbí kó gba gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ dá owó mi padà" ti fo àtẹ̀gùn méjì, òǹtajà á sì rí ibi sá pamọ́ sí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti dé Òmù-Àrán, ẹ̀tọ́ ṣì wà nínú ìwé, agbára rẹ̀ ló ti rọ. Hamburg ni àdéhùn sọ pé kí wọ́n gbé e dé. Òǹtajà yóò sọ pé gbígbé e láti Kwara padà sí Jámánì gbówó lórí ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ, adájọ́ sì lè gbà fún un. Iná wa tún ńkọ́? Bí ó bá rí i pé ẹ̀rọ náà ń jẹ iná tó ń lọ sókè sódò láìsí stabilizer, ẹ̀rí tó ń wá nìyẹn. Ohun kékeré ló dáa láti bá wọn fà lẹ́yìn tó ti dé: fóònù, kọ̀ǹpútà alágbèéká, ohun tí ẹni tó ń bọ̀ wálé lè fi àpò gbé padà.

Lẹ́tà náà kò gùn. Nọ́ńbà ọjà, ọjọ́ tó dé, ohun tó ṣe é, ọjọ́ tí ẹ rí i, fídíò, èyí tí ẹ fẹ́ nínú àtúnṣe àti ìpààrọ̀, àti ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì; ọjọ́ 14 bójú mu. Ẹ kọ ọ́ ní orúkọ ẹni tó rà á, torí òun ni òǹrajà, kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kwara. Ẹ sì ṣọ́ ọ̀rọ̀ kan: ní Jámánì, "Garantie" ni ìlérí tí ẹni tó ṣe ọjà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kọjá Yúróòpù. "Gewährleistung" ni ohun tí òfin gbé ka òǹtajà lórí. Ẹni tó bá kọ "Garantie", wọ́n á ní kó lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n á sì ti yọ ọrùn tiwọn. Ní Ítálì, ẹ kọ "garanzia legale di conformità", kí ẹ sì tọ́ka sí Codice del Consumo, abala 128 síwájú.

Bó bá di àríyànjiyàn, àwọn ilé iṣẹ́ ECC (European Consumer Centre) tó wà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ranni lọ́wọ́ láìgba owó, fún ẹni tó ń gbé ní Yúróòpù tó ra ọjà ní orílẹ̀-èdè mìíràn níbẹ̀. Ẹni tó bá ń júwe ojúewé ODR fún yín, èyí tí wọ́n fi ń yanjú àríyànjiyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àtijọ́ ló ń sọ. Wọ́n ti tì í pa láti ọjọ́ 20 oṣù keje 2025. Ohun tuntun tó yẹ ká máa retí ni directive 2024/1799 lórí àtúnṣe, tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù keje 2026: ẹni tó bá yan àtúnṣe dípò ìpààrọ̀ yóò gba oṣù 12 kún gáráńtì rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé ọjọ́ tí òfin ilé bá mú un wọlé ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí Brussels kéde rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló díjú jù. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí wà fún ẹni tó rajà fún ara rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tó rà á láti tún un tà ní Ìlọrin, oníṣòwò ni òun náà, kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Jámánì mọ èyí bí ẹni mowó. Wọ́n á kọ ọ́ sára ọkọ̀ àlòkù pé "nur für Gewerbe oder Export": fún oníṣòwò tàbí fún kíkó jáde nìkan. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé oníṣòwò lòun, torí pé owó rẹ̀ rọjú, ti ta gáráńtì rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2004 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Jámánì sọ ọ́ pé ẹni tó bá fi irọ́ pe ara rẹ̀ ní oníṣòwò kò lè yí padà di oníbàárà lọ́la. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ aládàáni tó ń ta tirẹ̀, directive kò débẹ̀ náà. "Gekauft wie gesehen" ("bí o ṣe rí i lo rà á") tó kọ síbẹ̀ ń jà fún un lórí àléébù tí ẹ lè fojú rí nígbà tí ẹ yẹ ọkọ̀ wò, àfi bó bá mọ àléébù tó sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ìlú Ọba ńkọ́? Wọn kò sí nínú àjọ náà mọ́ láti oṣù kìíní 2020, àkókò ìyípadà sì parí ní òpin ọdún náà. Àmọ́ àwọn òfin tí wọ́n ti fi directive ṣe kò bá wọn jáde lọ. Ọjọ́ 14 ṣì wà nínú ìlànà wọn ti 2013. Consumer Rights Act 2015 fún òǹrajà ní ọjọ́ 30 láti dá ohun tó ní àléébù padà kó gba gbogbo owó rẹ̀, nǹkan tí directive kò béèrè. Oṣù 6 ni òǹtajà fi ń ru ẹrù ẹ̀rí. Ohun tó yí padà ni pé ìdájọ́ tuntun láti Luxembourg kò de adájọ́ wọn mọ́.

Regulation 261/2004 lórí bàálù tí wọ́n fagi lé tàbí tó pẹ́ yẹ fún gbólóhùn díẹ̀, nítorí dógárì nìyẹn, kì í ṣe Mágàjí. Ẹni tó wọ bàálù ilé iṣẹ́ Yúróòpù láti Èkó lọ sí Amsterdam, tó dé ní wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àkókò, nítorí ohun tó wà níkàáwọ́ wọn, lè béèrè 600 yúrò, torí ọ̀nà náà ju kìlómítà 3,500 lọ. Wọ́n lè bu ìdajì rẹ̀ bí wọ́n bá wá bàálù mìíràn fún un tó dé kó tó pé wákàtí 4. Bí ilé iṣẹ́ náà kì í bá ṣe ti Yúróòpù, àbọ̀ nìkan ló wà lábẹ́ òfin náà, kì í ṣe àlọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin lè kọ lẹ́tà yìí fúnra yín, torí kò béèrè ibi tí èrò ń gbé.

Ẹni tó ra fíríìjì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà-Ọba tàbí ní Ajàṣẹ́-Ìpo ní tirẹ̀ kò ní òǹtajà kankan ní Jámánì. Òfin wa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lágbára ju bí a ti ń rò lọ. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, èyí tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, kò dúró de ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kwara. Abala 104 rẹ̀ sọ pé òun ló borí òfin mìíràn lórí ọ̀rọ̀ oníbàárà, àfi ìwé òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Òfin ọjà títà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893 ni gbòǹgbò èyí tí àwọn lọ́yà wa ṣì ń fà yọ, ó sì fi "ẹni tó ń rà ni kó la ojú rẹ̀" sílẹ̀ níbi púpọ̀. Ti 2018 ti yí èyí padà. Abala 122 fún òǹrajà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu bí kò bá rí àyè yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì rí i pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tàbí bó bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe tí kò sì ṣe é fún un. Pátákó "kò sí dídá owó padà" tó wà lára ògiri kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí.

"Àkókò tó bọ́gbọ́n mu" yìí ni kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀. Ti Yúróòpù ní ọjọ́ 14 àti ọdún 2. Tiwa fi í sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Ẹni tó bá jókòó ti fíríìjì tí kò tutù fún oṣù mẹ́ta ti ń jẹ ẹjọ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ lọ bá òǹtajà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sì fi WhatsApp kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ọjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá kọ̀, abala 146 jẹ́ kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó irú òwò bẹ́ẹ̀, tàbí FCCPC, tàbí kóòtù.

Nǹkan méjì ló yẹ kí ẹ gbà lọ́wọ́ òǹtajà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á. Abala 118 fún yín ní ẹ̀tọ́ sí rìsíìtì. Kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì, ọjọ́, irú ọjà àti iye rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Abala 117 sọ pé ẹni tó bá ń ta àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba pé àlòkù ni. Kí ó kọ "tòkunbọ̀" sórí rìsíìtì náà pẹ̀lú nọ́ńbà ara ẹ̀rọ. Bó bá ní tuntun ni, kí ó kọ "tuntun".